PhotoRec bá mi kó ipa ẹsẹ̀ ọjọ́ 6 padà láti inú káàdì tí mo fi ọwọ́ ara mi pa rẹ́

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́ padà. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó gba òwúrọ̀ mẹ́ta, òwúrọ̀ tó yẹ kí n fi sùn lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi á mọ bí oorun àárọ̀ ṣe wọ́n tó. Màá sọ ibi tí máàkì 2 tó kù gbà lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ rin ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní West Highland Way ní Skọ́tlándì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Milngavie lẹ́bàá Glasgow (bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, “Mọ́lgáì” ni wọ́n ń pè é, ẹ má bi mí ibi tí àwọn lẹ́tà yòókù wọlẹ̀ sí), ó sì parí sí Fort William, níbi tí wọ́n gbé ère ọkùnrin kan sí tó jókòó tó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Kìlómítà 154 ni. Wọ́n ti ṣí ọ̀nà náà láti ọdún 1980. Ọjọ́ 7 la fi rìn ín.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Àbẹ̀ní, ta ló ń lé ẹ?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Màámi.”

“Ṣé wọ́n máa sanwó fún ẹ ni?”

“Rárá, mà.”

“Ó dáa. Ìwọ àti bàbá ẹ lẹ mọ̀ ọ́n.” Wọ́n sì gbé fóònù fún wọn.

Bàbá mi gan-an ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Sọ́fíyọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo, ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn wọ̀n. Tí a bá gba ìsinmi ilé ìwé, èmi ni mo máa ń bá wọn di ọ̀pá aláwọ̀ pupa àti funfun mú nínú igbó, tí wọ́n á máa fi ojú kan wò mí láti ọ̀ọ́kán. “Dúró gbọn-in! Má mì!” Kòkòrò á máa rìn lọ́rùn mi, mi ò ní mì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa ìrìn yìí, wọn ò béèrè fọ́tò. Fọ́tò kò jọ wọ́n lójú. Ipa ẹsẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n rí bí ìlà ṣe lọ, kí wọ́n mọ gíga ibi tí mo gùn. “Ohun tí o ò bá kọ sílẹ̀, o ò wọ̀n ọ́n,” ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ẹ̀rọ GPS àfọwọ́dìmú kan, èyí tó ń gba gbogbo ibi tí ènìyàn bá rìn sílẹ̀, ni mo gbé lọ, tòkunbọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn lè wà ní òkè òkun kó tún máa ra tòkunbọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí kò ṣẹ̀ mí. Bátìrì AA méjì ló ń jẹ, mẹ́mórì káàdì kékeré oní-8GB ló sì ń kọ ipa ẹsẹ̀ sí, fáìlì GPX kan fún ọjọ́ kan. Ó yẹ kí n máa fi ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ní alẹ́ bí Bàámi ṣe ní. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí láptọ́ọ̀pù lẹ́yìn mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń lọ ń bọ̀, mo wá ní tí mo bá délé màá kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Alẹ́ ọjọ́ kẹfà, Kinlochleven. A ti gba orí Devil's Staircase kọjá lọ́jọ́ yẹn, 548 mítà, kò sí ibi tó ga tó o lórí gbogbo ọ̀nà náà. Mo jókòó síta níwájú ilé tá a wọ̀ sí, kantíkantí bò mí. Ẹni tí kò bá tíì bá kantíkantí ilẹ̀ Skọ́tlándì pàdé kò mọ̀ pé ẹ̀fọn Òṣogbo lójú àánú. Ọwọ́ kan ni mo fi ń gbá ọrùn, mo ń fi ìkejì tẹ ẹ̀rọ. Ipa ẹsẹ̀ kúkúrú kan ni mo fẹ́ pa rẹ́, èyí tó ṣèèṣì gbà sílẹ̀ nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀rọ bi mí bóyá kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo máa wojú ẹ̀rọ padà, ó ṣófo.

Mi ò sunkún o. Mo kàn jókòó. Kantíkantí ń jẹ mí, mi ò gbá wọn mọ́.

Bàbá òyìnbó kan tá a ti ń pàdé lójú ọ̀nà láti Tyndrum ló yọ mí. Wọ́n á tó ẹni àádọ́rin ọdún, irungbọ̀n wọn funfun. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n bi mí ohun tó dé, mo ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n máa bá mi kẹ́dùn ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Pa á. Yọ bátìrì. Yọ káàdì. Báyìí.” Mo yọ ọ́. Wọ́n mú bébà dídán tí wọ́n fi wé ṣokoléètì wọn, wọ́n nù ún mọ́ ara ṣòkòtò, wọ́n fi wé káàdì náà fún mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ kì í bọ inú ẹ̀rọ kankan títí màá fi délé.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ ìdí tí wọ́n fi kanjú bẹ́ẹ̀. Káàdì dà bí ilé ayálégbé oníyàrá púpọ̀, irú èyí tá a gbé nígbà kan ní Òkè-Fìà. Láńlọ́ọ̀dù ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ sí: lágbájá wà ní yàrá 4, tàmẹ̀dù wà ní yàrá 7. Tí o bá pa fáìlì rẹ́, orúkọ nìkan ni láńlọ́ọ̀dù fagi lé nínú ìwé. Ẹrù ayálégbé ṣì wà nínú yàrá, ibùsùn, ìkòkò, aṣọ lórí okùn. Ọjọ́ tí ayálégbé tuntun bá dé ni wọ́n máa da ẹrù yẹn sígboro. Ká ní mo ti tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ọjọ́ keje pẹ̀lú káàdì yẹn nínú ẹ̀, ìrìn ọjọ́ keje ni ì bá jẹ́ ayálégbé tuntun, bóyá ẹrù ọjọ́ tá a rìn létí adágún Loch Lomond ló máa kọ́kọ́ dà síta, bóyá ti ọjọ́ tá a la pápá Rannoch Moor kọjá ni.

Mo délé, mo kọ́kọ́ gbé káàdì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Leeds níbí. Pọ́n-ùn 180 ni wọ́n pè é, wọn ò sì lè sọ pé àwọn máa rí nǹkan kan. Mo dúpẹ́, mo gba káàdì mi, mo fi pọ́n-ùn 6 ra ohun tí wọ́n fi ń ki káàdì bọ ara láptọ́ọ̀pù. Ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù wa ló dárúkọ PhotoRec.

Christophe Grenier ló kọ PhotoRec, ojúlé CGSecurity ni ẹ ti máa rí i, inú àpò kan náà ni òun àti TestDisk, ètò mìíràn tó kọ, máa ń wà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín, fọ́tò nìkan kọ́ ló ń wá. Irú fáìlì tó mọ̀ lé ní 480, GPX sì wà lára wọn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: kì í ka ìwé láńlọ́ọ̀dù rárá. Yàrá ló ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wo ohun tó wà nílẹ̀, tó bá ti rí ìbẹ̀rẹ̀ tó jọ ti fáìlì tó mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Kì í kọ nǹkan kan sórí káàdì tó ń yẹ̀ wò, kíkà ló ń kà á. Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí pé kí n má lọ fi ìwòsàn pa aláìsàn.

Ojú méjì ló ní. Ọ̀kan jẹ́ ojú dúdú tó kún fún ọ̀rọ̀ funfun, bí ojú kọ̀ǹpútà inú fíìmù àwọn ọlọ́ṣà báńkì. Èkejì, QPhotoRec, ní bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀. QPhotoRec ni mo lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí yíyan dísíìkì, ẹ fi títóbi rẹ̀ dá a mọ̀: káàdì mi kò tó 8GB géérégé lójú rẹ̀, láptọ́ọ̀pù mi sì ju ìyẹn lọ fíìfíì, mi ò lè ṣì í mú. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ibi tó máa kó ohun tó bá rí sí. Ibi yìí ni kẹ́ ẹ ti lajú yín dáadáa: kò gbọdọ̀ jẹ́ orí káàdì yẹn kan náà, torí ayálégbé tuntun náà ni ohun tí ẹ bá kó sórí rẹ̀. Orí láptọ́ọ̀pù ni mo dá fódà sí.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ṣòfò, ẹ̀bi mi ni. Mi ò yan irú fáìlì tí mo ń wá, mo sì ní kó wo gbogbo káàdì dípò àyè tó ṣófo nìkan. Ó kó pàǹtírí jọ fún mi débi pé mo sùn síwájú láptọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ ibi tí wọ́n kọ File Formats sí, mo fagi lé gbogbo ẹ̀, mo fi àmì sí èyí tó kan GPX nìkan, mo yan Free, ìyẹn àyè tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Mo lọ ro àmàlà. Kí n tó jẹun tán, ó ti parí.

Fáìlì 23 ló wà nínú fódà tí ó pè ní recup_dir.1. Kò sí èyí tó ń jẹ́ orúkọ tí mo fún un. Orúkọ inú ìwé láńlọ́ọ̀dù ni orúkọ fáìlì, PhotoRec kì í sì í ka ìwé yẹn, lẹ́tà f àti nọ́ńbà gbọọrọ lásán ló fi ń sọ wọ́n lórúkọ. Àwọn tó ṣe é ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n máàkì 1 lọ níbẹ̀. Èkejì lọ nítorí pé ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà kò lè dá mọ èyí tó yẹ kó yàn nínú gbogbo ohun tó ń bi í. Màámi ò lè lò ó. Bàámi lè lò ó, ṣùgbọ́n wọ́n máa bínú sí i.

Báwo ni mo ṣe wá dá tèmi mọ̀? Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni GPX, Notepad lè ṣí i. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ jẹ́ ìlà díẹ̀: lat àti lon (nọ́ńbà méjì tó ń sọ ojú ibi tí ènìyàn wà láyé), gíga, àti àkókò. Mo ṣí fáìlì kan, mo rí lat 56.67, lon -4.91, gíga 551, aago 10:42. Ó jọ orí Devil's Staircase, ṣùgbọ́n ní aago 10:42 ọjọ́ yẹn a ṣì wà nísàlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ń lẹ báńdéèjì mọ́ gìgísẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó rí lẹ́tà Z tó wà nídìí aago náà. Aago UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni wọ́n fi ń kọ GPX. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn níhìn-ín, wákàtí kan la fi ṣíwájú rẹ̀, aago Leeds àti aago Òṣogbo á wá dọ́gba. 11:42 ni. Ní 11:42 mo wà lórí òkè náà, mò ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Mo ya fọ́tò kan níbẹ̀, àkókò ara fọ́tò náà bá a mu.

Báyìí ni mo ṣe rí ọjọ́ 1, 2, 4, 5 àti 6 pé pérépéré. Ọjọ́ kẹta ló fẹ́ dà mí láàmú, ọjọ́ tá a rìn létí Loch Lomond láti Rowardennan lọ sí Inverarnan, kìlómítà bíi 22, gbòǹgbò igi àti òkúta tó ń yọ̀. Mo gbé fáìlì rẹ̀ sórí máàpù. Ìlà náà ń bá etí omi lọ jẹ́jẹ́, ó dé ìtòsí Inversnaid, ó bá ta dànù bí ọfà, ó fò gba orí gbogbo ilẹ̀ náà kọjá, ó lọ balẹ̀ sí ìlú kan ní gúúsù England, ó yí po níbẹ̀ bí ajá tó ń wá ibi tó máa sùn sí, ó tún fò padà wá sétí Loch Lomond, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ọkàn mi já. Fáìlì ọjọ́ kẹta kò jókòó sójú kan lórí káàdì, ó pín sí yàrá tí kò kan ara wọn, ẹlòmíì ló wà ní yàrá àárín. PhotoRec ń kà lọ tààrà, ó kó ẹrù aládùúgbò mọ́ tèmi. Ta ni aládùúgbò? Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi ni. Ìgbà tí mo rà á, mo wo inú rẹ̀, kò sí ohunkóhun níbẹ̀, mo gbà pé káàdì mọ́. Nínú fáìlì 23 yẹn, 17 ni kì í ṣe tèmi, ọdún ara wọn ti pẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Mo sún máàpù mọ́ra: ẹnu ọ̀nà ilé kan ni. Mo mọ ilé ẹni tí mi ò rí rí, mo mọ aago tó ń jáde ní Sátidé àti ìgbà tó ń padà. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ojú ń tì mí bí ẹni tó ka lẹ́tà onílẹ́tà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ tàbí káàdì, pípa rẹ́ kò tó, fọ́máàtì oníkíákíá náà kò tó, ìwé láńlọ́ọ̀dù nìkan nìyẹn náà ń nù. Ẹ kó nǹkan míì kún káàdì náà bámúbámú, tàbí kẹ́ ẹ ṣe fọ́máàtì tó ń kọ̀wé bo gbogbo yàrá, tàbí kẹ́ ẹ yọ káàdì pamọ́ kẹ́ ẹ ta ẹ̀rọ lásán. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé ipa ẹsẹ̀ yín síta fún aráyé, ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrò nítòsí ilé.

Títún ọjọ́ kẹta ṣe kò le bí mo ṣe rò. Notepad ni mo tún ṣí. Àmì ìrìn bíi 300 ni ti àlejò, gbogbo wọn tẹ̀ lé ara wọn, ọdún ara wọn ló tú wọn fó. Mo gé wọn sọnù, mo pa ìlà méjì tó já sí méjì ní ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀, mo tọ́jú rẹ̀, ìlà náà dúró sétí omi. Òwúrọ̀ kẹta nìyẹn.

Kí n sọ ibi tí PhotoRec ò wúlò, kẹ́ ẹ má lọ fi òwúrọ̀ tiyín ṣòfò. Ohun tó bá hàn sí kọ̀ǹpútà bíi dísíìkì ló lè kà. Fóònù Android tí ẹ bá fi okùn so mọ́ láptọ́ọ̀pù kì í hàn bẹ́ẹ̀, inú fóònù fúnra rẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ wò báyìí, àfi tó bá jẹ́ pé orí káàdì tó ṣeé yọ ló kọ ọ́ sí. Ọ̀pọ̀ aago ọwọ́ ni kì í kọ GPX rárá, FIT ni tiwọn, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi ojú kà ní Notepad.

Ọjọ́ keje, fóònù ni mo fi gba ipa ẹsẹ̀. Bátìrì kú lẹ́bàá Lundavra, páwà báǹkì mi sì ti gbẹ láti alẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí fáìlì náà, kọ̀ǹpútà ní kò pé. PhotoRec kò ní iṣẹ́ kankan níbí, fáìlì kò sọnù, ẹnu rẹ̀ ni wọn ò pa dé. Ìlà tó kẹ́yìn já ní agbede méjì. Mo pa ìlà yẹn rẹ́, mo sì fi ọwọ́ tẹ àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbẹ̀yìn sí i: </trkseg></trk></gpx>. Ó ṣí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn síbì kan, ẹ jọ̀ọ́.

Ní báyìí, tí mo bá ti bọ́ bàtà nírọ̀lẹ́, kí n tó wẹ̀, mo ti yọ káàdì, mo ti fi ohun pọ́n-ùn 6 yẹn dà á sórí fóònù. Ibi tí mo bá ti rí Wi-Fi, mo ti fi ránṣẹ́ sí Bàámi lórí WhatsApp, bí dọ́kúmẹ́ǹtì. Káàdì méjì ni mò ń gbé lọ báyìí. Tó bá jẹ́ fóònù ni mo fẹ́ lò, mo ti kọ́kọ́ lọ sí sẹ́tíǹsì bátìrì láti sọ fún un pé kó má pa áàpù tó ń gba ipa ẹsẹ̀, torí Android fẹ́ràn kó máa fi áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ sùn láìbi ènìyàn. Ìyẹn ti tó. Ẹ̀rọ tuntun kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fowó rà.

Mo fi ọjọ́ mẹ́jèèje ránṣẹ́ sí Bàámi ní Sátidé. Àbúrò mi ti bá wọn gbé áàpù máàpù OsmAnd sórí fóònù, wọ́n ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè mí lé e lórí. Ní ti Devil's Staircase wọ́n ní, “551 kẹ̀? 548 ni máàpù sọ.” Mo ní GPS ọwọ́ kì í mọ gíga tó bó ṣe mọ ọ̀tún àti òsì. Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé ṣe ni àwọn ń wò ó bóyá èmi mọ̀. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ nígbà tí wọ́n dé ọjọ́ keje.

“Ìlà rẹ ò dé Fort William.”

“Mo débẹ̀, Bàámi. Bátìrì ló kú. Mo ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí yín.”

“Mo rí fọ́tò. Ìlà ni mò ń sọ.” Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka gbá ojú fóònù. “Ìgbà wo lo máa padà lọ wọn ìyókù?”

Mo ti ń wo owó ọkọ̀ ojú irin.